Kí O Tó Máa Pè Mí Ní Àǹtí

Sẹnami ọmọ mi,

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa kí n tó kọ nǹkan mìíràn: ọmọ mi. Láti ọ̀la lọ, mi ò ní lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí etí ẹlòmíràn bá wà. Bí o bá rí i pé ó pọ̀ jù nínú ìwé yìí, má bínú, mo ń jẹun sílẹ̀ de ebi ni.

Ọjọ́ Àìkú ni òní, oòrùn ti kọjá àtàrí díẹ̀. O ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ kan wà lórí ẹní, ọ̀kan wà lórí ilẹ̀, bí ẹni tí kò tíì pinnu ibi tó máa sùn sí. Oṣù mẹ́tàlá ni ọ́. Ó ku oṣù méjì kí èmi pé ogún ọdún. Màámi, ìyẹn ìyá àgbà rẹ, wà lẹ́yìnkùlé nídìí ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Bó bá di aago mẹ́rin, Àǹtí Ìbídùn, àbúrò bàbá mi, yóò dé láti Ìjànìkin. Wọ́n ń dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń mú mi lọ. Màá wọ kíláàsì kẹrin, màá sì máa gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà fún ọdún méjì. Wọn kì í gba abiyamọ. Nítorí náà ohun tí a sọ ni pé àbúrò mi ni ọ́, pé Màámi ló bí àwa méjèèjì. O máa pe Màámi ní Màámi. O máa pè mí ní Àǹtí.

Ohun tí gbogbo ìwé yìí dá lé nìyẹn. Mi ò fẹ́ máa yí i ká.

Mo ti gbọ́ pé àwọn òbí máa ń kọ lẹ́tà gígùn sí ọmọ wọn nígbà tó bá ríṣẹ́ tàbí tó bá ń lọ ilé ọkọ, kí wọ́n kó gbogbo ọgbọ́n orí wọn síbẹ̀. Bàbá mi kọ irú rẹ̀ fún Àǹtí Ìbídùn nígbà tí wọ́n kúrò ní Abẹ́òkúta, wọ́n ṣì ní in nínú àpótí. Èmi ò ní ọgbọ́n orí. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé nígbà tí bàbá mi kú, ẹja ni mo sì ń yàn láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró dìgbà tí mo bá gbọ́n, ẹnu rẹ á ti mọ́ Àǹtí nígbà náà. Torí náà, mo kọ ọ́ lónìí. Kà á lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ń di ẹrù láti kúrò nílé.

Èkíní. Má ṣe sọ fún bébà ohun tí o kò tíì lè sọ fún ènìyàn.

Láti kíláàsì kejì ni mo ti ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ohun tó bá ń dùn mí sí. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ẹni tó wò mí níwòkuwò ní ẹnu kànga. Ìdí tí irun mi fi kọ̀ láti gùn. Ìdí tí mo fi kórìíra àwọn tó máa ń bi ni pé "ìgbà wo lo máa sanra?" Nígbà tí bàbá rẹ, Múfú, wọ inú ọ̀rọ̀ mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ló gba inú ìwé náà kan. Màámi ò mọ̀wé kà, nítorí náà mi ò tiẹ̀ fi pamọ́. Orí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ni mo ń gbé e sí.

Mi ò mọ̀ bóyá nǹkan á ti dẹ̀ nígbà tí o bá ń ka èyí. Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba báyìí, gbogbo nǹkan ló sì wọ́n. Ọṣẹ wọ́n, mílíìkì wọ́n, ṣúgà di ohun tí à ń rí lójú àlá. Bébà tí a fi ń di ẹja pàápàá wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí ti Màámi tán, wọ́n na ọwọ́ sórí pẹpẹ, wọ́n ya ewé mẹ́fà nínú ìwé mi, wọ́n fi di ṣàwá fún tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Aradagun níbí. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà padà wá. Bébà náà wà lọ́wọ́ wọn, òróró ẹja ti mú kó mọ́lẹ̀ kedere bí gíláàsì.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá Àbẹ̀kẹ́. Ẹja yín dùn."

"Ẹ ṣeun, tíṣà."

"Bébà yín náà dùn. Mo ka iwájú, mo ka ẹ̀yìn. Ṣé ìyókù wà?"

Màámi rò pé ẹja ni wọ́n ń bèèrè. "Ó wà, ẹ jókòó, mo ń mú un bọ̀."

Mo wà níbẹ̀. Tíṣà wò mí, wọ́n wo Màámi, ojú wá ń ti àwọn náà nítorí wọ́n rí i pé Màámi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwàdà tí wọ́n bá wá bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Màámi ní kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka Bíbélì fún aláìsàn: "Oṣù kejì rèé tí n kò rí nǹkan oṣù mi. Mi ò lè sọ fún Màámi. Ẹja ń rùn sí mi."

Màámi yí ẹja tó wà lórí ààrò padà, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹja mi kì í rùn."

Bí mo ṣe sọ fún ìyá mi pé mo lóyún rẹ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, bí a ṣe ń jẹun, wọ́n fi orí ẹja sínú àwo mi. Bàbá mi ni wọ́n máa ń fún ní orí ẹja. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Jẹ ẹ́, vi ṣie." Ọmọ mi ni wọ́n ń sọ, lédè Ègùn tiwọn. Mo jẹ ẹ́, mo sunkún, egungun fẹ́ há mi lọ́rùn, wọ́n gbá mi lẹ́yìn, ó sì tán.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá wúwo débi pé o ń wá bébà fún un, kọ́kọ́ wá ènìyàn kan. Àgbàlagbà lè má fi ẹnu dárí jì ọ́. Wo inú àwo rẹ. Mo mọ̀ pé bébà ni mo gbé sílẹ̀ níwájú ara mi báyìí. Má bi mí.

Èkejì, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Wọ́n á sọ oríṣiríṣi fún ọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ilé àwọn tó ń ta aṣọ ní Àgbádárìgì ló ti wá, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí ni wọ́n, òun ló máa ń lọ bá wọn ra ọjà ní Kútọnu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó fún mi ní ọṣẹ. Ọṣẹ kan báyìí, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí òórùn rẹ̀ kì í tán lára àní bí ènìyàn bá yan ẹja láti àárọ̀. Àwa tí à ń fi ọṣẹ kan náà fọ abọ́, fọ aṣọ, fọ orí. Mo máa ń gbóòórùn ọwọ́ mi nínú ilé ìjọsìn. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń gbóòórùn.

Nígbà tí ìjọba ti bódà pa, ó wà lódìkejì, lápá Kútọnu. Ó fi iṣẹ́ rán ọlọ́kọ̀ ojú omi kan pé òun ń bọ̀. Ó tún rán iṣẹ́ kejì. Iṣẹ́ kẹta kò dé. Ẹnì kan ní òun rí i ní Àjàṣẹ́, ó sanra, ó ń ta páànù. Ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ ìkómọ, ó gbé ọ, ó ní imú àwọn ni, ó sọ ọ́ ní Ṣàkírátù, ó ṣàdúrà tó gùn, tó sì dára. A kò tíì rí i láti ìgbà náà. Bí o bá fẹ́ wá wọn lọ, lọ. Mi ò ní bínú. Ìyẹn ni pé mo máa bínú díẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé bí ọkùnrin bá gbé ohun tó wọ́n wá fún ọ, bi ara rẹ léèrè bóyá wàá ṣì fẹ́ rí i lọ́jọ́ tí ohun náà bá kún ọjà. Èmi ò bi ara mi. Bí wọ́n bá ṣí bódà lọ́la tí Múfú wọlé lọ́wọ́ òfo, mi ò mọ ohun tí màá bá a sọ.

Mo dìde báyìí, mo lọ wò ọ́, mo padà wá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ká aṣọ, mo tú u. Mo lọ pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n pọn. Màámi yọjú lójú fèrèsé.

"Kí lò ń kọ látàárọ̀?"

"Lẹ́tà ni, mà."

"Sí ta ni?"

"Sí ẹnì kan tí kò mọ̀wé kà."

"A pọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ẹja wọn.

Ẹ̀kẹta nìyí, òun ló sì nira jù fún mi láti kọ. Èyí tí mo fẹ́ ṣe lọ́la yìí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá sẹ́ ọ.

Oyún rẹ ti yọ dáadáa nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n gbé mílíìkì àti ṣúgà wá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbádárìgì. Mo tètè lọ, síbẹ̀ mo bá ènìyàn bí ọgọ́rin níbẹ̀. Ṣọ́jà méjì ń tò wá sí ìlà, ọ̀kan mú ọ̀pá lọ́wọ́. Èyí tó mú ọ̀pá rí mi láàárín èrò, ó ní, "Ìwọ aboyún yẹn, bọ́ síwájú." Inú rere ló fi sọ ọ́. Gbogbo orí yí sí mi. Mo rí ọmọbìnrin méjì tí a jọ wà ní kíláàsì kẹta lápá ọ̀tún, wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Mo ní, "Mi ò lóyún. Mo yó ni."

Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Kí lẹ̀ ń jẹ nílé yín, ìwọ ọmọ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ibẹ̀ fún wa." Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ṣọ́jà náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ojú kúrò. Mo dúró sí àyè mi, ẹsẹ̀ mi wú, oòrùn pa mí, o ń ta mí nípàá bí ẹni tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Nígbà tó ku ẹnì kan ṣoṣo níwájú mi, wọ́n ní ó ti tán. Mo gbé agbọ̀n òfo padà délé. Mo ní kí Màámi má bínú, pé èrò ló pọ̀. Mi ò tíì sọ òótọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Sẹnami, ẹni tó bá ń tijú ẹrù ara rẹ̀, òun náà ló máa rù ú jìnnà jù. Bí ojú bá fẹ́ tì ọ́ nítorí ohun tó jẹ́ tìrẹ, jẹ́ kó tì ọ́ níwájú ìlà, níbi tí mílíìkì wà.

Kí n tó gbàgbé, àwọn kéékèèké: Má ṣe wọ bàtà gogoro rìn nínú iyanrìn etíkun, èmi ti ṣubú níṣojú ẹgbẹ́ akọrin. Jẹun kí o tó lọ síbi ìyàwó. Má yá ẹnikẹ́ni ní kóòmù. Bí ẹja bá wà lórí iná, má kọ̀wé. Mo ti jó odidi ààrò kan rí nítorí pé mo ń wá ọ̀rọ̀ tó bá "ìrònú" mu, ọ̀sẹ̀ kan la fi jẹ èédú. Má fẹ́ ọkùnrin tó bá máa ń dákẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ sí ọ. Má sì fẹ́ èyí tó bá ń pariwo mọ́ ìyá rẹ̀. Mi ò mọ èyí tó kù. Wá a.

Ọ̀rọ̀ ọmú ló kàn. Màámi sọ pé ọmọ oṣù mẹ́tàlá kò tíì tó já lẹ́nu ọmú. "Ọdún méjì gbáko ni ìwọ fi mu ún," ni wọ́n wí, "tí o bá ti sáré títí, o máa wá dúró mu ún lóòró bí ewúrẹ́." Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kò ní dúró dè wá. A fi omi ewúro pa orí ọmú mi. O fà á, o fajú ro, o wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lọ́jà, o sì tún fà á. Lọ́jọ́ kejì, o ti ń lá a. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọmọ Ègùn ni, jàre. O fi ewúro dẹ́rù bà á, ó ní kí o gbé ẹ̀kọ wá sí i."

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi dúdú ìdí ìkòkò kùn ún, wọ́n lẹ ìyẹ́ adìẹ mọ́ ọn. Mo ṣí bùláàsì mi. O figbe ta, o fi ìdí wọ́ lọ bá Màámi, o fi ojú rẹ pamọ́ sí itan wọn. Mo wẹ̀ ẹ́ kúrò kíákíá. Mo ní, "Wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́, èmi ni." O kò wá. Láti ìgbà náà, bí mo bá jókòó tì ọ́, o máa ń wo àyà mi kí o tó wo ojú mi. Ọ̀dọ̀ Màámi lò ń sùn báyìí. Gbogbo wa la sọ pé ó bọ́ sí i. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

O kò tíì fi orúkọ kankan pè mí rí, ìyẹn náà ń dùn mí. "Mu-mu" lo máa ń sọ tí o bá ń wá mi, ọmú lo sì ń pè, kì í ṣe èmi.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Àǹtí Ìbídùn mú mi lọ rí pírínsípà. Wọ́n fi ọ̀já di àyà mi mọ́lẹ̀ ṣinṣin ká tó kúrò nílé. Pírínsípà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, dígí wọn wà ní orí imú.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Àǹtí Ìbídùn wúkọ́.

"Mẹ́rìndínlógún, mà."

Ọdún mẹ́ta ni Àǹtí Ìbídùn ti ní kí n gé kúrò lára ọjọ́ orí mi. Mo rò ó níbi tí mo dúró sí pé inú ọdún mẹ́ta yẹn gan-an ni mo ti bí ọ.

Pírínsípà gbé ìwé kan fún mi pé kí n kà á sókè. Mo kà á. Ọmọ mi, mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan: inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu mi geere, pírínsípà ń mi orí, ó sì tó ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá tí mi ò rántí rẹ rárá. Nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń lọ. Àǹtí Ìbídùn ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ bí o bá dàgbà. Èmi ni mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ kàwé débi tó lè dé. Mi ò fẹ́ yan ẹja títí màá fi kú.

Lójijì, ọmọ kan bú sẹ́kún níta. Ọmọ obìnrin kan tó wá ta ata fún ilé ìdáná ni. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀já ò ran ọ̀rọ̀ náà. Mo rí ojú pírínsípà tó kúrò lójú mi, tó sọ̀kalẹ̀, tó dúró. Mo wo ara mi: omi ọmú ti rin bùláàsì mi ní ìhà méjèèjì. Àǹtí Ìbídùn kò wúkọ́ mọ́. Mo ń ka ìwé náà lọ, mi ò gbọ́ ohun tí mò ń kà.

Pírínsípà ní, "Ó tó." Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi. "Ṣé o ní àbúrò?"

"Ọ̀kan, mà. Sẹnami. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ló wà."

"Orúkọ tó dára ni." Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, ó pẹ́. "Tí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì sábẹ́. Bùláàsì ilé ẹ̀kọ́ yìí fẹ́lẹ́."

Nígbà tí a dé ìta, mo ní, "Àǹtí, wọ́n rí i."

"Wọ́n rí i, wọ́n sì dé e. Ìwọ náà dé e. Ohun tí wọn ò bá gbọ́ lẹ́nu rẹ, kò sẹ́ni tó lè bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà ọ́."

Mo bẹ Àǹtí lọ́nà pé kó jẹ́ pé ní ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni màá ti jẹ́ Àǹtí rẹ, pé kí n jẹ́ ìyá rẹ nígbà tí mo bá wá sílé. Wọ́n dúró lójú títì, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ọmọdé ò ní ahọ́n méjì, Àbẹ̀kẹ́. Tí ìyá rẹ bá gbé e wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, tí ó sáré bá ọ láàárín gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, tí ó pè ọ́ ní 'Màámi', ṣé èmi ni màá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu? Ọdún méjì péré ni. Lẹ́yìn náà ẹ lè jókòó ṣàlàyé."

"Tí ó bá ti mọ́ ọn lára ńkọ́?"

"Ìwọ náà á tún fi ti ìyá mọ́ ọn lára."

Mo sọ fún Màámi nígbà tí mo délé. Mo rò pé wọ́n á bá mi bínú sí Àǹtí. Wọ́n ní, "Lọ. Ẹja tí èmi ti yan tó fún gbogbo ìran wa." Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, wọ́n tún ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kìlọ̀ fún mi ni tàbí wọ́n ń tù mí nínú. Mo ṣírò rẹ̀. Ní ogún ọdún sí i, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni wàá jẹ́.

Mi ò lè sọ fún ọ pé má purọ́, ẹ̀rín ni wàá rín. Ohun tí mo lè sọ nìyí, òun ni mo sì torí rẹ̀ kọ gbogbo ìyókù: bí o bá rí i pé o ní láti pa irọ́ kan kí o tó lè gòkè, rí i pé ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé e. Má gbé e lé ẹni tí kò tíì lè rìn. Èmi gbé tèmi lé ọ. Ẹnu rẹ ni màá fi pa á, nítorí tèmi nìkan ò lè tó.

Àǹtí Ìbídùn ti dé. Wọ́n ń jẹ ẹja lóde, mo ní mo ń di ẹrù. Mo gbọ́ tí o jí, mo gbọ́ tí wọ́n gbé ọ.

Mo lọ bá wọn, mo tún ti padà wá. Kí n kọ ọ́ kíákíá kí wọ́n tó pè mí. Àǹtí Ìbídùn gbé ọ lé itan, wọ́n fi ẹja kékeré kan há ọ lọ́wọ́, wọ́n na ìka sí mi. "Ta nìyẹn? Àǹtí. Sẹnami, sọ ọ́. Àǹ-tí." O jẹ ẹja rẹ. Wọ́n tún sọ ọ́. O wo àyà mi, lẹ́yìn náà o wo ojú mi, ó pẹ́ díẹ̀. Mo ń gbàdúrà. Jọ̀wọ́ má bi mí ohun tí mo gbàdúrà fún. O wá la ẹnu, o ní, "Àtí."

Orúkọ àkọ́kọ́ tí o pè mí láyé nìyẹn. Ó mọ́ kedere. Àǹtí Ìbídùn hó, wọ́n ní, "Ọlọ́pọlọ ọmọ." Màámi pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún òróró ẹja. Ìwọ náà rí i pé inú wọn dùn, o rẹ́rìn-ín, o tún un sọ, o sì ń wò mí bóyá inú tèmi náà dùn.

Mo pàtẹ́wọ́, Sẹnami. Mo pàtẹ́wọ́ fún ọ títí o fi tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ.